Èmi, Sọ́ǹpù, àti Ọ̀bẹ Ìyá Ìbejì

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Camry mi bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé.

Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ náà, n kò rí èyí tó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màá gbé e síbi gbígbẹ lálẹ́, màá jí bá àbàwọ́n dúdú lábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, tó fẹ̀ tó ẹnu kọ́ọ̀pù tíì. Bó bá jẹ́ orí iyẹ̀pẹ̀ ló ń tọ̀ sí, ọ̀rọ̀ ìbá má dariwo. Ṣùgbọ́n bàbá onílé wa ní Àkóbọ̀, n'Íbàdàn, ṣẹ̀ṣẹ̀ fi íńtálọ́ọ̀kì tẹ́ gbogbo àgbàlá ni, mo sì lè búra pé ó fẹ́ràn íńtálọ́ọ̀kì yẹn ju àwa ayálégbé lọ. Bó bá ti kírun àárọ̀ tán, yóò mú tẹ̀sùbáà dání, yóò wá yí ọkọ̀ mi ká. Yóò bẹ̀rẹ̀, yóò fi ìka kan àbàwọ́n náà, yóò gbé ìka sí imú, lẹ́yìn náà ni yóò gbójú sókè wo fèrèsé mi. Kò ní sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá ti gbé ilé àgbà rí mọ̀ pé àìsọ̀rọ̀ yẹn burú ju èébú lọ.

Mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi. Ó kúnlẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sábẹ́ rẹ̀, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ọ́ìlì ló ń jò o. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀la, kí n fi kẹrosíìnì fọ gbogbo ara ẹ́ńjìnnì yẹn, ká lè mọ ibi tó ti ń jáde gan-an."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn sápò, torí èmi kò fi í sí tèmi. Ohun tí etí mi gbọ́ ni "ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀la", ọkàn mi sì túmọ̀ rẹ̀ sí "ẹ lọ wá owó wá". Ọdún yẹn ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Lítà kan tí kò tó ₦200 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ti lé ní ₦600 kí oṣù Keje tó parí. Owó oṣù tíṣà ní tirẹ̀ kò gbọ́ sí ọ̀rọ̀ náà rárá. Kí ẹnìkan wá fi odidi ọjọ́ kan fọ ẹ́ńjìnnì, nígbà tí èmi fúnra mi ti dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, tí mo ti rí ẹ̀kán ọ́ìlì tó so rọ̀ mọ́ etí sọ́ǹpù bí omijé? Sọ́ǹpù ló ń jò. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ibi ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni ọlọ́pàá ń kó. Mo ní màá padà wá, mo sì gba ilé lọ.

Ẹni tí kò bá mọ sọ́ǹpù, kó má tijú, èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n nígbà náà ni. Àwo irin ni, ìsàlẹ̀ pátápátá ẹ́ńjìnnì ló wà, ibẹ̀ sì ni ọ́ìlì ń sùn sí. Bí ẹ bá ti ṣíná ọkọ̀, pọ́ǹpù kan á fa ọ́ìlì náà gba inú asẹ́ kékeré kan, á tì í sókè sí gbogbo irin tó ń fira gbo ara wọn, ọ́ìlì á sì tún ṣàn padà sínú àwo. Lítà 3.6 tàbí bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ti Camry 1999 tèmi, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní tiny light, tí ẹ́ńjìnnì 5S-FE wà nínú rẹ̀. Sọ́ǹpù rẹ̀ kò ní gásíkẹ́ẹ̀tì kankan. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ etí rẹ̀, bóòtì 17 àti nọ́ọ̀tì 2 ló sì so ó mọ́ òkè. Mọ́kàndínlógún. Ẹ má gbàgbé nọ́ḿbà yẹn náà.

Lóru ni mo wo fídíò. Ọkùnrin Amẹ́ríkà kan ló ń tú sọ́ǹpù Camry bíi tèmi, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, àkẹtẹ̀ orí rẹ̀ mọ́, ilẹ̀ gáráàjì rẹ̀ mọ́ ju tábìlì tí à ń jẹun lé lọ. Ẹ̀rọ kan gbé ọkọ̀ náà sókè dé ibi tí ó lè dúró ṣánṣán sábẹ́ rẹ̀, ó ń tú bóòtì bí ẹni ń já òroǹbó. Ìṣẹ́jú méjìlá ni fídíò náà gbà. Tíṣà ìṣirò ni mí: mo ní bí ọ̀gá bá fi ìṣẹ́jú méjìlá ṣe é, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ ṣe é, wákàtí méjì náà nìyẹn. Kò wá sí mi lọ́kàn pé wọ́n ti gé gbogbo ibi tí ọkùnrin náà ti ń ṣépè kúrò nínú fídíò.

Lọ́jọ́ kejì, mo dé ọjà Aráròmí ní Géètì, níbi tí gbogbo Ìbàdàn ti ń ra ẹ̀yà ara ọkọ̀. Mo ra sípánà onílẹ́tà T nọ́ḿbà 10, mo ra nọ́ḿbà 14, mo ra ọ́ìlì jálá kan, mo ní kí wọ́n fún mi ní gọ́ọ̀mù pupa mẹ́ta. Ẹni tó ń tà á wò mí lókè wò mí nílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé trélà lẹ fẹ́ lẹ̀ ni?" Mo fi ẹ̀rín sí i bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Ọ̀kan ti tó, kódà yóò ṣẹ́kù. Èmi kò mọ̀.

Sátidé ni mo mú. Mo wọ ṣòkòtò tí mo fi ń kun ilé, mo pe àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mo fi Táíwò ṣe agbésípánà, mo fi Kẹ́hìndé ṣe olùtọ́jú bóòtì, mo gbé agolo mílíìkì lé e lọ́wọ́. Ìyá wọn ti lọ sí ọjà Bódìjà. Ìyẹn wà lára ètò.

Jáàkì gbé imú ọkọ̀ sókè láìjanpata. Ohun tí màá fi gbè é ni n kò ní. Ni mo bá lọ gbé búlọ́ọ̀kù oníhò méjì tó ṣẹ́kù lára fẹ́ńsì bàbá onílé, mo tì wọ́n sábẹ́ rẹ̀, mo sì sọ jáàkì kalẹ̀ kí wọ́n lè gba ẹrù náà. Mo ti ki orí àti èjìká bọ abẹ́ ọkọ̀ nígbà tí fọkanáísà tó wà lójú títì figbe ta: "Tíṣà! Ẹ jáde níbẹ̀! Ẹ jáde kíá!" Mo fẹ́ bá a jiyàn ni o. Ìdáhùn ti wà lẹ́nu mi, pé irú búlọ́ọ̀kù yìí kan náà ló ru ilé alájà tí à ń gbé. Kò dúró gbọ́. Ó di ẹsẹ̀ mi méjèèjì mú, ó wọ́ mi jáde bí ẹni ń wọ́ ewúrẹ́ kúrò nínú oko ẹ̀gẹ́.

"Ògiri ń pín ẹrù rẹ̀ kárí búlọ́ọ̀kù ni," ó ń mí hẹlẹ. "Irin ọkọ̀ kì í pín in. Ojú kan ló ń tẹ̀." Ẹnu rẹ̀ la ṣì ń wò nígbà tí ọ̀kan nínú búlọ́ọ̀kù náà dún kàù, ó là sí méjì, imú ọkọ̀ sì jókòó wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí àgbà tó rẹ̀. Ibi tí àyà mi wà ṣáájú ni.

Ibí yìí kì í ṣe ẹ̀rín fún mi títí dòní. Táíwò ò sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí wákàtí kan. Fọkanáísà lọ gbé ẹsẹ̀ irin méjì wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, ó mi ọkọ̀ náà tìtì fúnra rẹ̀ kó tó gbà kí n padà wọlé sábẹ́ rẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀. Ó kàn ní, "Ẹ bá mi kí Ìyá Ìbejì," lóhùn ẹni tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ kí i fún ọ̀ràn mìíràn.

Fídíò ní kí ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí n tó tú ọ́ìlì, torí ọ́ìlì tútù máa ń lọ́ra láti ṣàn. Èmi ti jẹ́ kí ọkọ̀ ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí, ó ti gbóná bí omi ẹ̀bà. Mo fi nọ́ḿbà 14 tú ìdérí ìsàlẹ̀ sọ́ǹpù, ó bọ́ lọ́wọ́ mi, ọ́ìlì dúdú sì tẹ̀lé e wọ apá mi dé ìgbọ̀nwọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé rọ́bà áísìkiriímù tí mo gbé kalẹ̀, lítà 2 ni wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi tó bá ń ka èyí, ẹ jọ̀wọ́: lítà 3.6 nínú rọ́bà lítà 2, mélòó ni yóò dà sórí íńtálọ́ọ̀kì bàbá onílé? "Kẹ́hìndé! Gbé rọ́bà mìíràn wá! Sáré!" Ọmọ náà sáré lóòótọ́, ó sì gbé rọ́bà kọ́sítáàdì ńlá wá, mo gbà á, mo tì í sábẹ́ ọkọ̀ láìwò ó. Nígbà tí ọ́ìlì dá ni mo tó rí i pé gàrí Ìjẹ̀bú wà nínú rẹ̀. Ó ti rin dáadáa. 

Ni mo bá ní kí Táíwò wá àkísà wá. Kò sí àkísà nínú ilé wa. Ọjọ́ gbogbo là ń sọ ọ́ fún ọmọ pé bó ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà, mo sì máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni wọ́n ń sọ. Nígbà tí mo wà ní ìdọ̀bálẹ̀ nínú ọ́ìlì ni mo wá rí i pé àkísà gan-an ni wọ́n ń sọ. Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kún fún un. Èmi fi síńgílẹ́ẹ̀tì ara mi nù ún, nígbà tí ìyẹn kún, mo fi jẹ́sì bọ́ọ̀lù tí mo fẹ́ràn jù.

Ọ̀rọ̀ páìpù sálẹ́ńsà kò yẹ kó gùn. Ó gba abẹ́ sọ́ǹpù kọjá, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò, nọ́ọ̀tì rẹ̀ sì ti dípẹtà. Mo da kẹrosíìnì sí i, mo lọ jẹun, mo padà wá, mo tún da á, mo tún lọ sùn. Ìrọ̀lẹ́ ló tó gbọ́.

Ìgbà tí gbogbo bóòtì sọ́ǹpù ti bọ́ sínú agolo Kẹ́hìndé, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti gba àwo náà. Kò wá. Mo fà á, kò mì. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ń dì í mú bí ẹni pé kò sí bóòtì kankan tó ti kúrò rí. Ọkùnrin inú fídíò ní ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ṣe fún irú ìyẹn. Èmi ní ọ̀bẹ tí Ìyá Ìbejì fi ń gé pọ̀nmọ́. Mo rò ó pé ohun tó bá lè gé pọ̀nmọ́, kí ni gọ́ọ̀mù á fi í ṣe?

Mo ti ẹnu ọ̀bẹ náà bọ àárín etí sọ́ǹpù, mo sì fi òòlù lù ú. Ó wọlé. Inú mi dùn. Mo lù ú síwájú, ó dé igun, ó há. Mo fi sukudíráfà ràn án lọ́wọ́ láti apá kejì, mo sì ń gbé e sókè sódò, èyí tí fídíò ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ ṣe, torí etí sọ́ǹpù fẹ́lẹ́, bó bá ti wọ́, kò ní jókòó mọ́. Ìró mẹ́ta ni mo gbọ́ léraléra. Èkíní ni ti ọ̀bẹ tó dá sí méjì. Èkejì ni ti gọ́ọ̀mù tó ya. Ẹ̀kẹta ni tèmi fúnra mi, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu láti pe Táíwò nígbà tí sọ́ǹpù náà já wálẹ̀ lódindi. Bí ẹ bá tiẹ̀ tú ìdérí, ọ́ìlì kì í tán nínú sọ́ǹpù, ìwọ̀nba máa ń kù sísàlẹ̀. Mo mọ̀ bó ṣe rí lẹ́nu. Ó fẹ́ jọ epo pupa tó jóná, ó sì ń ta bí irin.

Mo sùn síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, mo ń tutọ́. Nígbà tí mo la ojú ni mo rí i lókè mi: inú ẹ́ńjìnnì. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń wa ọkọ̀ náà, n kò rí inú rẹ̀ rí. Irin ńlá kan tó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ gba àárín kọjá, àwọn apá mẹ́rin dì í mú láti òkè, gbogbo rẹ̀ ń dán lábẹ́ ọ́ìlì bí ẹyin ojú. Ẹ̀kán kan ń rọra kán láti ara rẹ̀, ìkejì ń tẹ̀lé e. Kò sí ariwo kankan. Mo pe àwọn ìbejì, wọ́n dọ̀bálẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mi lẹ́yìn tí mo ti tún ẹsẹ̀ irin náà mì lẹ́ẹ̀mejì, àwa mẹ́ta ń wò ó. Kẹ́hìndé ní, "Bàbá, ó ní egungun." Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn, èyí nìkan ni n kò kábàámọ̀.

Ìyá Ìbejì dé láti ọjà. Ó wo íńtálọ́ọ̀kì, ó wo èmi, ó wọlé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ohùn rẹ̀ gba fèrèsé ilé ìdáná jáde, jẹ́jẹ́: "Bàbá Ìbejì, ọ̀bẹ mi dà?" Kí n tó ronú kan irọ́, ó tún ní: "Gàrí tó wà nínú rọ́bà ńkọ́?"

Ọjọ́ Àìkú ni mo dá sọ́ǹpù náà padà sípò. Etí sọ́ǹpù ti rí bí etí ìwé tí ajá jẹ, mo gbé e sórí òkúta, mo fi òòlù nà án bọ̀ sípò lákòókò tí bàbá onílé máa ń sùn lọ́sàn-án. Ó jí. Lẹ́yìn náà ni ti gọ́ọ̀mù. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fà yí etí àwo náà ká, kó fẹ̀ tó mìlímítà 3 sí 5, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n wo ni èèyàn fẹ́ fún ara rẹ̀, nígbà tí bàbá onílé ń wúkọ́ lójú fèrèsé? Mo tẹ túúbù kìíní tán, mo tẹ èkejì lé e, mo fi ìka tẹ́ ẹ bí ìyá oníbúrẹ́dì ṣe ń fi bọ́tà sí i fún oníbàárà tó ń gba awin. Nígbà tí mo gbé sọ́ǹpù náà sókè, gọ́ọ̀mù pupa yọ sí ìta yíká bí ètè ẹni tó kun làálì sí ẹnu. Ìyẹn ni pé ó yọ sí inú náà bákan náà. Tíṣà ìṣirò ni mí o.

Mo na ọwọ́ sí Kẹ́hìndé: "Bóòtì." Ó ń kó wọn fún mi lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó ń kà. Ó dé méjìdínlógún, ó dákẹ́.

"Ó ku ọ̀kan," mo ní.

"Kò kù mọ́, Bàbá."

A wá abẹ́ ọkọ̀, a wá inú gọ́tà, a wá àpò Táíwò. Mo bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan bí adájọ́: ṣé ẹ rí bóòtì kan? Rárá, Bàbá. Ṣé ó dá yín lójú? Ó dá wa lójú, Bàbá. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Mo ní méjìdínlógún á tó, kí n sì fi agbára dí àyè èyí tó sọnù.

Agbára yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀. Ìwé tí ilé iṣẹ́ Toyota kọ fún ẹ́ńjìnnì náà ní kí ẹ de bóòtì sọ́ǹpù dé 5.4 Nm péré. Kí n sọ ọ́ kó yé wa: agbára ọwọ́ díẹ̀ ni, kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi dì í bí ẹni tó ń fún aṣọ òfì. Ẹyọ kẹtàdínlógún ló kọ́kọ́ rọ̀ lọ́wọ́ mi lójijì, ó dùn mọ́ mi, mo rò pé ó ti wọlé dáadáa. Mo fa sípánà wálẹ̀, orí bóòtì náà sì wà nínú rẹ̀, láìní ọrùn. Ọrùn rẹ̀ ti kù sínú ẹ́ńjìnnì.

Mo da ọ́ìlì tuntun sí i láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo ṣíná, ọkọ̀ náà dún wẹ́rẹ́. Mo wa á lọ síṣẹ́ bí ọba. Láàárọ̀ Túsìdeè, àbàwọ́n wà lórí íńtálọ́ọ̀kì.

"Ọ́ìlì àná ni, Bàbá," mo sọ láti ojú fèrèsé kí bàbá onílé tó gbójú sókè. "Èyí tó ti wà lára irin tẹ́lẹ̀ ló ń kán tán."

Láàárọ̀ Wẹ́síde, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún fi ìka kàn án. Fúngbà àkọ́kọ́ láti oṣù kan, ó sọ̀rọ̀. "Tíṣà, àná mélòó lo ní?"

Tọ́sìdeè ni iná pupa tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tó dà bí kẹ́tù àlùwàlá tí omi ń kán lẹ́nu rẹ̀. Lórí eré ni mo wà. Kó tó di pé mo gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ́ńjìnnì ti ń dún tàk-tàk-tàk bí ẹni ń fi ṣíbí lu agolo. Mo pa á lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn nìkan ni ohun ọlọ́gbọ́n tí mo ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ìbẹ̀rù ló sì jẹ́ kí n ṣe é. Onítakisí Micra kan ló fi okùn fà mí. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ bí Micra ṣe rí: ọkọ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀, tó ń fa Camry gba àárín ọjà kọjá, tí àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi ń yí sítíárìn lẹ́yìn rẹ̀, mo ń wo iwájú gan-an, bí ẹni pé ọkọ̀ ẹlòmíràn ni mo jókòó sí.

Mẹkáníìkì mi kò bi mí ní nǹkan kan. Ó rí etí gọ́ọ̀mù pupa náà, ó pe àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé kí wọ́n wá kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n fi ọ̀bẹ tí àwọn akunlé fi ń fá pútì gé gọ́ọ̀mù náà, wọ́n sọ sọ́ǹpù kalẹ̀ láàárín wákàtí kan, sálẹ́ńsà àti gbogbo rẹ̀. Ó wá fi ìka méjì wọ inú asẹ́ ọ́ìlì. Ó fa okùn gọ́ọ̀mù pupa kan jáde, ó gùn bí ìka, ó gbé e sórí bébà. Ó tún fa òmíràn. Ó fa mẹ́fà, pẹ̀lú àwọn wẹ́wẹ́ tó dà bí ata tí wọn kò gún kúnná. Gbogbo èyí tí mo tẹ́ sí inú ti já, ọ́ìlì ti gbé e lọ dí ẹnu asẹ́, pọ́ǹpù kò rí ọ́ìlì fà mọ́. "Bí ẹ bá wa á dé ilé báyìí," ó ní, "ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì nìyẹn." Àwọn ọmọṣẹ́ ń wo òkè kí wọ́n má baà rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn kò rí ara gbà á, ó lọ sẹ́yìn ilé.

Wọ́n yọ ọrùn bóòtì tó kù sínú. Wọ́n fọ ẹ́ńjìnnì náà láti òkè délẹ̀ pẹ̀lú kẹrosíìnì, bí ó ṣe sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n fi gọ́ọ̀mù tó mọ níwọ̀n lẹ sọ́ǹpù, a jẹ́ kó gbẹ, wọ́n da ọ́ìlì sí i, wọ́n ṣíná. Mẹkáníìkì náà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ki ọwọ́ sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, lápá ibi tó kọjú sí àwa awakọ̀, ó fi ìka nu abẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìyẹn ìdérí tó wà lórí ẹ́ńjìnnì pátápátá. Ó fi ìka náà hàn mí. Ọ́ìlì tútù ló wà lórí rẹ̀.

"Ibí ló ti ń jáde, Ẹ̀gbọ́n. Rọ́bà etí rẹ̀ ti gan. Ọ́ìlì á yọ níbí, á gba ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ṣàn wálẹ̀, á wá so sí etí sọ́ǹpù. Sọ́ǹpù yín kò jò rí."

Mo bi í pé nọ́ọ̀tì mélòó ló de ìdérí òkè náà.

"Mẹ́rin."

Orí ìdúró ni wọ́n ti tú u. Kò sí jáàkì, kò sí búlọ́ọ̀kù, kò sẹ́ni tó dọ̀bálẹ̀. Wọ́n yọ rọ́bà àtijọ́, ó kán lọ́wọ́ wọn bí búrẹ́dì tó sá sóòrùn, wọ́n fi tuntun sí i. N kò tíì mu tíì tí wọ́n rà fún mi tán tí wọ́n fi parí.

Bàbá onílé ti dárí jì mí báyìí. Ó wá gba ọ́ìlì dúdú tó kù lọ́wọ́ mi nínú rọ́bà áísìkiriímù, ó fi kun ẹsẹ̀ igi ilé ewúrẹ́ rẹ̀ kí ikán má baà jẹ ẹ́, ó ní ó dára gan-an ni, ṣé yóò tún wà? Ìyá Ìbejì ti ra ọ̀bẹ tuntun. Kò sọ ibi tó ń tọ́jú rẹ̀ sí fún mi.

Nígbà ìsinmi Kérésì, èmi àti àwọn ìbejì jókòó sí ìta, à ń ta ayò. Kẹ́hìndé ń nà mí bí ó ṣe máa ń nà mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀nà jẹ mẹ́ta ní ilé rẹ̀ tó kẹ́yìn, mo kó wọn sọ́wọ́, mo sì rí i pé ọ̀kan nínú wọn wúwo ju àwọn méjì yòókù lọ. Ó ní orí onígun mẹ́fà, nọ́ḿbà 10.

"Kẹ́hìndé," mo ní, "ṣé mi ò bi yín léèrè bóòtì lọ́jọ́ yẹn?"

Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, kò sì rí ìdí tí mo fi ń pariwo.

"Bóòtì lẹ béèrè, Bàbá. Èyí ti di ọmọ ayò láàárọ̀ ọjọ́ náà."